Fíìmù mẹ́ta nípa akọ̀wé-eré tí ọwọ́ rẹ̀ kọ̀: èwo ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò?

Fíìmù tó dá lórí akọ̀wé-eré kò pọ̀, èyí tó sì sọ òtítọ́ nípa iṣẹ́ náà tún kéré sí i. Mẹ́ta ló yẹ kí ẹni tó ń kọ ìwé eré mọ̀: Barton Fink (1991), Adaptation (2002) àti In a Lonely Place (1950). Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Hollywood ni akọ̀wé náà ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, wọ́n sì ń retí ojú ìwé. Ohun tó dá ọwọ́ dúró ni kò jọra. Ìyàtọ̀ yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ fi yan èyí tẹ́ ẹ máa wò, kì í ṣe orúkọ òṣèré tàbí iye ìràwọ̀ tí wọ́n fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè náà. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ ráyè fún, Barton Fink ni kẹ́ ẹ wò. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa kó tó dé ìdajì, wọ́n á ní nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nígbà tó jáde, owó tó rí ní ilé sinimá Amẹ́ríkà, bíi mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là, kò tó bíi mílíọ̀nù mẹ́sàn-án tí wọ́n ná sórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní àjọ̀dún fíìmù Cannes ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1991, ó kó àmì-ẹ̀yẹ fíìmù tó dára jù, ti olùdarí tó dára jù àti ti òṣèrékùnrin tó dára jù lẹ́ẹ̀kan náà. Adaptation fi bí ó ṣe ń rí lára hàn nígbà tí ìwé kọ̀ láti jáde. In a Lonely Place fi ohun tí iṣẹ́ náà lè gbà lọ́wọ́ èèyàn hàn. Barton Fink nìkan ló sọ ìdí tí ọwọ́ fi kọ̀.

| | Barton Fink | Adaptation | In a Lonely Place |
|---|---|---|---|
| Ọdún | 1991 | 2002 | 1950 |
| Olùdarí | Joel Coen | Spike Jonze | Nicholas Ray |
| Akọ̀wé-eré inú ìtàn | Barton Fink (John Turturro) | Charlie Kaufman (Nicolas Cage) | Dixon Steele (Humphrey Bogart) |
| Gígùn | ìṣẹ́jú 116 | bí ìṣẹ́jú 115 | bí ìṣẹ́jú 94 |
| Àwòrán | aláwọ̀ | aláwọ̀ | dúdú àti funfun |
| Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un | fíìmù ìjàkadì | ìwé nípa òdòdó tí kò ní ìtàn | ìwé ìtàn tí kò fẹ́ kà |
| Ohun tó fà á sẹ́yìn | kò gbọ́ ẹnikẹ́ni | ó ń bẹ̀rù kó má dà bíi ti ẹlòmíì | ìbínú rẹ̀ |

Barton Fink

Ọdún 1941 ni ìtàn náà wáyé. Barton ń kọ eré orí ìtàgé ní New York, eré rẹ̀ nípa àwọn mẹ̀kúnnù ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ gbayì, aṣojú rẹ̀ wá sọ fún un pé sítúdíò kan ní Hollywood, Capitol Pictures, fẹ́ máa san ẹgbẹ̀rún dọ́là fún un lọ́sẹ̀. Ó gbéra, ó lọ wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì Earle. Ooru ibẹ̀ pọ̀ débi pé bébà ara ògiri ń ṣí kúrò fúnra rẹ̀, àtè tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ sì ń ṣàn wálẹ̀. Ẹ̀fọn kan kò jẹ́ kó sùn. Iṣẹ́ tí ọ̀gá sítúdíò, Jack Lipnick, gbé fún un kò le lójú ẹnikẹ́ni níbẹ̀: fíìmù ìjàkadì fún òṣèré Wallace Beery. Beery gidi ni o, irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe lóòótọ́ lọ́dún 1932, tí wọ́n pè ní Flesh.

Barton jókòó sídìí ẹ̀rọ tàípù. Ó tẹ ìlà mélòó kan: ilé àwọn tálákà ní Lower East Side ti New York, ariwo mọ́tò ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, àwọn ẹlẹ́ja ń kígbe ọjà. Ibẹ̀ ló dúró sí.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀ yẹn dáadáa, nítorí gbogbo àìsàn rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí oníjàkadì níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fẹ́ nǹkan, kò sì sí ẹni tó fẹ́ dí i lọ́wọ́. Eré rẹ̀ ti New York ló tún ń kọ, ó kàn gbé e wá sí Hollywood ni. Akọ̀wé tó há síbi ojú ìwé kìíní máa ń rò pé ìlà kejì lòun ń wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìlà kìíní gan-an ni kò bá iṣẹ́ mu, ìdí sì nìyẹn tí ìlà kejì kò fi ní ibi tó máa gbà wọlé.

Ní yàrá kejì, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Charlie Meadows. John Goodman ló ṣe é, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú fíìmù yìí kò lẹ́gbẹ́. Charlie ń ta ìbánigbófò láti ilé dé ilé. Ó sanra, ó ń làágùn, etí ń dùn ún, ó sì ti ja ìjàkadì rí nígbà tó wà ní ilé ìwé. Barton á jókòó tì í, á máa ṣàlàyé fún un pé ìtàn èèyàn gbáàtúù ni òun fẹ́ kọ, pé àwọn akọ̀wé yòókù kò mọ nǹkan kan nípa irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Charlie á la ẹnu pé òun ní ìtàn tóun lè sọ. Barton á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, á máa bá tirẹ̀ lọ. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò dúró níbẹ̀. Nígbà tó yá, Charlie kúnlẹ̀, ó fọwọ́ tẹlẹ̀ nínú yàrá láti fi bí wọ́n ṣe ń ja ìjàkadì hàn án, ó sì gbá a mọ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti kọ nípa ìjàkadì kò bi í léèrè nǹkan kan. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà lápò ṣòkòtò.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò ràn án lọ́wọ́. Pirodúsà rẹ̀ ní kó lọ wo ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà fún fíìmù ìjàkadì míì, ó sì jókòó wo oníjàkadì kan náà tó ń bú ramúramù léraléra. Audrey, obìnrin tó ń ṣe akọ̀wé ọ́fíìsì fún gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé kan, ṣàlàyé egungun irú fíìmù náà fún un láàárín ìwọ̀nba gbólóhùn: oníjàkadì rere kan wà, oníjàkadì burúkú kan wà, wọ́n á pàdé lópin, láàárín, ẹni rere náà ní olólùfẹ́ tàbí ọmọ kan tó gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ dá fíìmù dúró kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Egungun tó dára ni, títí di òní ọ̀pọ̀ fíìmù ló ṣì ń dúró lórí rẹ̀. Ó fi hàn pé àìmọ ìlànà kọ́ ló ń ṣe Barton. Ìlànà wà lọ́wọ́ rẹ̀, èèyàn ni kò sí nínú rẹ̀.

Nǹkan méjì ló máa ń mú kí olùwòran kórìíra fíìmù yìí. Àkọ́kọ́ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìdajì ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi etí wò ó ju ojú lọ: aago tábìlì ìgbàlejò tí Barton tẹ̀ tó ń dún, tó ń dún, títí ẹnìkan fi wá fọwọ́ pa á, ohùn ẹkún àti ẹ̀rín tó ń gba ara ògiri wọlé, ẹ̀fọn. Ariwo inú orí akọ̀wé ni wọ́n gbé síta yẹn. Ìkejì ni pé ìdajì kejì yí padà lójijì, ẹ̀jẹ̀ dé, iná dé, àpótí kan sì wọlé tí gbogbo èèyàn fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Fíìmù kò ṣí àpótí náà. Ẹni tó bá fi gbogbo ọkàn sí i á bínú jáde. Ẹ tẹjú mọ́ ohun tí Barton kọ lẹ́yìn tí àpótí dé orí tábìlì rẹ̀, nítorí ìgbà yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yá.

Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ òpin kó fo ìpínrọ̀ yìí. Ìwé eré ìjàkadì tó kọ tán, gbólóhùn tó fi parí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú gbólóhùn tó fi parí eré rẹ̀ ti New York ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń jó. Ó rò pé òun ti kọ iṣẹ́ tó dára jù láyé òun, nígbà tó jẹ́ pé ohun àtijọ́ ló tún kọ. Ọwọ́ tó yá kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ dára, a kò sì mọ fíìmù míì tó fi ìyẹn hàn láìgbójú sẹ́yìn báyìí.

Joel àti Ethan Coen kọ ọ́ láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí ìwé eré míì tí wọ́n ń kọ, Miller's Crossing, ti dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ á rí i pé ìwé eré yìí mọ ibi tó ń lọ.

Adaptation

Ìṣòro tó wà nídìí èyí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n ní kí Charlie Kaufman sọ ìwé Susan Orlean, The Orchid Thief (1998), di fíìmù. Ìwé náà dá lórí John Laroche, ọkùnrin kan tó ń wá òdòdó orchid tó ṣọ̀wọ́n nínú ẹrẹ̀ Fakahatchee ní Florida. Ìwé tó dùn ni, ṣùgbọ́n kò ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin bí fíìmù ṣe ń fẹ́ ẹ. Kaufman gbìyànjú títí, kò lọ. Ó wá kọ ara rẹ̀ sínú rẹ̀: akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Charlie Kaufman, tí kò lè sọ ìwé kan nípa òdòdó di fíìmù. Ó tún dá ìbejì sílẹ̀ fún ara rẹ̀, Donald, tí kò sí láyé rí. Orúkọ Donald wà lára àwọn tó kọ fíìmù náà, wọ́n sì yan òun àti Charlie fún Oscar. Chris Cooper tó ṣe Laroche ni Oscar bọ́ sí lọ́wọ́.

Ìran tó sún mọ́ iṣẹ́ náà jù kò gùn. Charlie jókòó síwájú ojú ìwé òfìfo. Ó ní òun nílò kọfí. Ó ní rárá, kóun kọ nǹkan kan ná, kóun wá fi kọfí àti búrẹ́dì dídùn san ara òun lẹ́san. Ó wá ń ronú irú búrẹ́dì tó máa jẹ́. Ìṣẹ́jú yẹn lọ, ojú ìwé ṣì funfun. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ nǹkan rí mọ ìdúnàádúrà yẹn. Lẹ́yìn náà, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ó fi ìtara bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ìgbà tí kò tíì sí ẹ̀dá alààyè láyé. Ìwádìí tó ń sáré sẹ́yìn nìyẹn, àìsàn àwọn tó ń kọ fíìmù láti inú ìwé tàbí ìtàn ìlú: bí wọ́n bá ti ń wá ibi tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ ń jìnnà sí wọn. Ọ̀nà àbáyọ kò ju kẹ́ ẹ béèrè pé ta ni ó ń fẹ́ kí ni, lónìí, níbí, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Charlie sọ fún obìnrin tó gbé iṣẹ́ fún un pé òun kò fẹ́ ìbálòpọ̀, ìbọn, fífi mọ́tò lé ara ẹni, tàbí ẹ̀dá ìtàn tó kọ́ ẹ̀kọ́ ayé lópin. Ẹ kọ àwọn nǹkan yẹn sórí bébà. Donald ní tirẹ̀ lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Robert McKee, olùkọ́ ìwé eré gidi tí òṣèré Brian Cox ṣe nínú fíìmù, ó fi tayọ̀tayọ̀ kọ fíìmù apànìyàn kan tí kò mọ́gbọ́n dání, ó sì tà á. Nígbà tí Charlie náà lọ síbẹ̀, ohùn rẹ̀ ń sọ èrò ọkàn rẹ̀ fún wa lórí àwòrán bó ṣe ń ṣe látìbẹ̀rẹ̀, McKee sì jágbe pé akọ̀wé tó bá ń lo irú ohùn bẹ́ẹ̀ ti sọnù. Ohùn náà gé lójú ẹsẹ̀. Àwàdà ni, ẹ̀kọ́ sì ni: ìgbà tí wọ́n yọ ọ́ la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iye iṣẹ́ tó ti ń ṣe.

Bí ìdá mẹ́rin tó kẹ́yìn bá bẹ̀rẹ̀, ẹ mú bébà yẹn jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ní ibẹ̀ ni fíìmù ti bàjẹ́, pé ó di ohun tí a ti rí ní ibòmíì. Ẹ fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ wé ohun tí Charlie ní òun kò fẹ́, ẹ ó rí i pé ọwọ́ ẹlòmíì ló ti gba ìwé náà kọ.

Ohun tí a ò fara mọ́ ni bí àwọn akọ̀wé tuntun ṣe máa ń wo fíìmù yìí tán, tí wọ́n á lọ kọ ìwé eré nípa ara wọn tí wọn kò rí nǹkan kọ. Ó ṣiṣẹ́ fún Kaufman nítorí pé ìwé Orlean fúnra rẹ̀ dá lórí bí ẹ̀dá ṣe ń yí ara padà kó lè yè, tí òdòdó ń dà bíi kòkòrò kí kòkòrò lè wá a wá. Akọ̀wé tó yí ara rẹ̀ padà kó lè yè bá kókó yẹn mu rẹ́gí. Bí irú ìdí bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ojú ìwé tó ń ráhùn nípa ojú ìwé lásán ni, pirodúsà kì í sì í ka irú rẹ̀ kọjá ojú ìwé kẹwàá.

In a Lonely Place

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí ni ayé fojú fò dá jù. Lọ́dún kan náà, 1950, Sunset Boulevard jáde. Akọ̀wé-eré tí kò ríṣẹ́ ni ìtàn tirẹ̀ náà dá lé, wọ́n yàn án fún Oscar mọ́kànlá, ó sì gba mẹ́ta. In a Lonely Place kò rí ẹyọ kan. Ó di ọdún 2007 kí wọ́n tó fi sínú àkójọ fíìmù tí Amẹ́ríkà ń tọ́jú fún ìran tó ń bọ̀.

Dixon Steele kò tíì kọ fíìmù tó gbayì láti ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì bẹ́. Aṣojú rẹ̀ rí iṣẹ́ fún un: ìwé ìtàn kan tó tà wàràwàrà, kó sọ ọ́ di fíìmù. Dix kò fẹ́ kà á. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú fìlà ní ilé oúnjẹ ti ka ìwé náà, nítorí náà Dix mú un lọ sílé kó lọ sọ ìtàn rẹ̀ fún òun. Ó sọ ọ́ tán, ó gbowó mọ́tò, ó lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti pa á. Ọlọ́pàá fura sí Dix. Laurel Gray, obìnrin tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán rẹ̀ nínú àgbàlá kan náà, jẹ́rìí sí i, ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ Dix sì yá.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ nìyẹn. Nínú fíìmù méjì àkọ́kọ́, ìwé kò jáde. Níbí, ó ń jáde bí omi. Laurel ń bá a tẹ̀ ẹ́, ó ń dá àlejò padà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rí i pé ó jẹun, pé ó sùn. Dix pa ìwé ìtàn náà tì, ó kọ ohun tó wù ú, ó sì dára. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sókè ni ẹni tó ń ṣe é ń wó lulẹ̀: ìbínú òjijì, ẹ̀ṣẹ́, mọ́tò tó ń wà bí ẹni tí kò fẹ́ dé ilé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé ìfẹ́ ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń lu èèyàn ni Dix, fíìmù náà kò sì fi ẹ̀bùn rẹ̀ bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí nínú ilé kó mọ̀ kó tó wò ó.

Bẹ́ ẹ bá ń kọ ìwé eré, ìran ilé ìdáná ni kẹ́ ẹ tìtorí rẹ̀ wá fíìmù yìí. Òwúrọ̀ ni. Laurel ò sùn dáadáa. Dix wà nídìí oúnjẹ àárọ̀, ó mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ọsàn gíréèpù. Ọ̀bẹ yẹn máa ń tẹ̀ ní orí, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn kó lè yí inú ọsàn ká. Dix rò pé ó ti bàjẹ́, ó fọwọ́ tọ́ ọ. Laurel ń yin ìran ìfẹ́ tó wà nínú ìwé eré rẹ̀. Dix dáhùn pé ìran ìfẹ́ tó dára kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lásán, ó yẹ kó dá lórí nǹkan míì, bí irú èyí tí àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀ yìí: òun ń gé ọsàn, Laurel jókòó, oorun ṣì ń kùn ún, ẹnikẹ́ni tó bá sì rí wọn á mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn.

Ẹ wo iye nǹkan tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń kọ ìran ìfẹ́, ìran tó ń sọ náà ló ń ṣẹlẹ̀ lójú wa, ohun tó sì ń sọ nípa rẹ̀ kì í ṣe òótọ́ mọ́, nítorí àwa ti mọ̀ pé ẹ̀rù rẹ̀ ti ń ba Laurel. Ọ̀bẹ tó tọ́ fúnra rẹ̀ sọ irú ẹni tó jẹ́: ó ba nǹkan tó dára jẹ́, ó rò pé òun tún un ṣe. Kò sí ẹni tó sọ ìyẹn jáde. Ẹ wo ìran náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kejì ẹ pa ohùn rẹ̀, kẹ́ ẹ máa wo ojú Gloria Grahame tó ṣe Laurel. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ojú ìwé méjì tí èèyàn méjì ti jọ ń ṣa ẹ̀wà tàbí ká aṣọ, tí ọ̀kan ti pinnu láti lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni gbólóhùn tó kẹ́yìn, níbi tí akọ̀wé ti máa ń ṣàánú olùwòran, tó sì máa ń jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́. Ẹ gé gbólóhùn yẹn kúrò.

Àwọn tó ṣe fíìmù náà fúnra wọn ṣe ohun tí Dix ṣe. Nínú ìwé Dorothy B. Hughes (1947) tí wọ́n mú un láti inú rẹ̀, apànìyàn ni Dix lóòótọ́. Fíìmù yí i padà, ó sì jẹ́ kí iyèméjì jẹ́ ọgbẹ́ náà. Òpin tí wọ́n kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé Dix fún Laurel lọ́rùn pa. Nicholas Ray kò fẹ́ ẹ, ó wá òmíràn lójú ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Èyí tó lò kò ní òkú nínú, ó sì dunni jù.

Èwo ló wà fún yín?

Bí ẹ kò bá tíì kọ kọjá ojú ìwé márùn-ún, tẹ́ ẹ sì ń pa á rẹ́ lójoojúmọ́, Barton Fink ni. Bẹ́ ẹ bá wò ó tán, ẹ béèrè ẹni tó mọ iṣẹ́ tí ẹ̀dá ìtàn yín ń ṣe, kẹ́ ẹ lọ jókòó tì í, kẹ́ ẹ má sọ̀rọ̀ nípa ara yín. Bẹ́ ẹ bá ní ohun tó pọ̀ jù lọ́wọ́, ìwé, ìtàn ìdílé, ìtàn ọba ìlú, tí kò sì di fíìmù, Adaptation ni. Bí ojú ìwé bá ń jáde tí ìtàkùrọ̀sọ inú rẹ̀ sì le gbagidi, tí gbogbo èèyàn ń sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn tán pátá, ẹ lọ sí ilé ìdáná Dix.

Àwa tí fíìmù Yorùbá tọ́ dàgbà ní ìdí kan tí Barton lè fi ṣòro fún wa láti kẹ́dùn fún. Nínú ẹgbẹ́ òṣèré alárìnkiri bíi ti Oyin Adéjọbí, egungun ìtàn ni wọ́n máa ń fún òṣèré, òṣèré á sì fẹnu ara rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ sí i lórí ìtàgé. Ẹni tó dá jókòó sí yàrá tó ń bá bébà jà jẹ́ àjèjì sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn ní ni Barton ṣaláìní: etí tó ń gbọ́ ohun tí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ń sọ kó tó dá a lóhùn.

Ẹni tó fẹ́ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó bẹ̀rẹ̀ láti Barton Fink, kó bọ́ sí In a Lonely Place, kó fi Adaptation parí. Adaptation ń fi òfin ìwé eré ṣeré, ẹni tó bá ti rí i bí òfin náà ṣe ń ṣiṣẹ́ níbòmíì ló máa gbádùn rẹ̀ jù. Fún Sunset Boulevard, ẹ wò ó nígbàkigbà, kò nílò alágbàwí. William Holden tó ṣe akọ̀wé inú rẹ̀ tún ṣe akọ̀wé-eré lọ́dún 1964 nínú Paris When It Sizzles pẹ̀lú Audrey Hepburn: ó ti gba owó, kò kọ nǹkan kan, ó ku ọjọ́ méjì. Eré ìfẹ́ aláwàdà ni, ó gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ibi tó ti ń ṣàlàyé fún Hepburn bí ìtàn ṣe gbọ́dọ̀ yí padà, kó tún yí padà lẹ́ẹ̀kejì, ló yẹ kẹ́ ẹ rí, ìyókù kò pọn dandan.

Ní ti wíwò gan-an: ẹ tan àkọlé ìsàlẹ̀ àwòrán fún Barton Fink àti In a Lonely Place. Àwọn ọ̀gá sítúdíò inú Barton Fink ń sáré sọ̀rọ̀, àwàdà ibẹ̀ sì wà nínú ọ̀rọ̀. Barton Fink àti Adaptation kì í ṣe fún ọmọdé, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ti àkọ́kọ́, ìhòòhò àti ọ̀rọ̀ rírùn wà nínú ti èkejì. Ẹ fi aago sí ẹ̀gbẹ́: ojú ìwé eré kan máa ń jẹ́ bí ìṣẹ́jú kan lórí àwòrán. Ẹ kọ ìṣẹ́jú tí nǹkan ńlá kọ̀ọ̀kan ti yí padà sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi wé ojú ìwé tí nǹkan ti yí padà nínú ìwé eré tiyín. Bí ti Dix bá ti rí òkú kan ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, tí tiyín kò sì tíì rí wàhálà ní ojú ìwé ogójì, ojú ìwé ogún sí ogójì lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí gé.